Ó Ku Òwúrọ̀ Mẹ́jọ

Jọnkẹ́, Kútọnu,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1936.

Nimọta ọmọ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ fún iṣẹ́, mo kí ọ fún ọmọ, mo kí ọ fún eruku pupa Kétu tó máa ń wọ inú ọbẹ̀ rẹ tí o fi máa ń sọ pé ata ló pọ̀. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà ọyẹ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé Rasidat ń jẹun, àbí èrò ọkọ kò jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́? Kí Ọlọ́run fún gbogbo yín ní àlàáfíà tó pọ̀ débi pé ẹ ó gbàgbé pé ẹ ní in. Ní tèmi, ara mi le. Eyín tí o torí rẹ̀ kọ̀ mí lọ́kọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje ti ku mẹ́rin péré. Ká ní o ti gbà fún mi nígbà náà ni, ìyà rẹ ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìwé tí ò ń retí kọ́ nìyí. Mo mọ̀ pé láti Sátidé tó kọjá lo ti ń ránṣẹ́ lọ síbi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí, pé kí wọ́n wò ó bóyá ẹnì kan mú ìwé bọ̀ láti Kútọnu, ìwé tí lèmọ́mù wa tẹ ìka sí, tí èmi náà sì fọwọ́ sí. Kò sí ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí o ka èyí sétí Bàbá Adéògún, àbúrò bàbá yín, láti orí dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n ó fi máa da ohun tí o ti mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí o kò mọ̀. Bàbá Adéògún ti dàgbà, wọ́n a máa gbàgbé nǹkan. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta jù wọ́n lọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ lójú gbogbo ẹbí nìyí, nígbà tí Mùílíù àbúrò rẹ ṣì wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n ní ilé àwọn kò gba olè. Wọ́n ní tó bá jáde, kó dúró sí Kútọnu lọ́dọ̀ wa, kó kí ìrun ogójì òwúrọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe níbí, kí lèmọ́mù sì kọ̀wé pé ó pé. Tí ìwé náà bá dé kó tó di ọjọ́ yìgì Rasidat, Mùílíù yóò wọlé, yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí walí, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ tó bí lé ọkọ lọ́wọ́. Tí ìwé ò bá dé, àwọn fúnra wọn ni wọn yóò jókòó sípò bàbá, Mùílíù kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà agbo ilé mọ́. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni yìgì. Òní jẹ́ ọjọ́ kọkànlá.

Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ogójì òwúrọ̀ ti wá. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ Ṣábẹ̀ kan ti ẹ̀wọ̀n dé, ó wá kírun ní mọ́ṣáláṣí kékeré wa. Bó ṣe ń dúró ni àwọn ènìyàn ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku òun nìkan lórí ẹní. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà síbi tí wọ́n ti mú un. Ojú ti lèmọ́mù. Láti ìgbà náà la ti fi í lélẹ̀ pé ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí a ń pè ní èjìká rẹ̀. Èjìká yìí á ti máa lọ bá a nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á máa kọ́ ọ ní kéwú, á sì máa gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jáde, èjìká ni yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Fún ogójì òwúrọ̀, àwọn méjèèjì yóò kí ìrun Àsùbáà ní ìlà iwájú, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an, èjìká sí èjìká. Lẹ́yìn ìrun wọn á jọ mu ẹ̀kọ nínú igbá kan. Ẹni tó bá ti rí ènìyàn ní ìlà iwájú fún ogójì òwúrọ̀, ó ṣòro kó tún máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo ti ṣe èjìká fún ènìyàn márùn-ún kó tó kan Mùílíù. Ọ̀kan nínú wọn ni ládàání wa báyìí, òun ló ń pe ìrun fún wa. Ọlọ́run gba ìrònúpìwàdà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Mùílíù nínú ọgbà, mi ò dá a mọ̀. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó ti gbẹ, kìkì ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tí mo gbé lé ọrùn kiri ọjà Kétu. Ó dá mi mọ̀ ní tirẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Ìwọ mọ ohun tó ṣe: àpò aṣọ méjì ló mú nínú bùtíìkì òyìnbó tó ń bá ta ọjà, kò jiyàn, wọ́n sì fún un ní ọdún méjì. Mo wò ó títí, mo ní, “Ọ̀gá oníbùtíìkì, gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ kó yìí, ẹ ò wá rí ẹyọ kan fi bora.” Ó yíjú kúrò lára ògiri. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù ń wò wá. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé láti oṣù márùn-ún tí òun ti wà níbẹ̀, wọ́n ń pàṣẹ fún òun, wọ́n ń ṣàánú òun, wọ́n ń wàásù fún òun, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó bá òun ṣeré. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti tàn mí jẹ, Nimọta. Mo rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ láàárín ògiri mẹ́rin yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Nǹkan kan wà tó ní kí n má sọ fún ọ. Mo máa sọ ọ́, o kúkú mọ̀ mí. Lọ́dún tó kọjá tí o wá ra ẹja gbígbẹ ní Kútọnu, o rí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń gbá yanrìn kúrò lójú títì nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mùílíù wà láàárín wọn. O fi etí gèlè bojú, o bọ́ sí òdì kejì. O rò pé kò rí ọ. Ó rí ọ. Ó sọ ọ́ fún mi ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó ní, “Bàbá, ó ṣeun tó yíjú. Ká ní ó kí mi ni, ìgbálẹ̀ ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi.” Nítorí náà, má jẹ́ kí ìyẹn máa jẹ ọ́ lọ́kàn mọ́.

Ó jáde lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀. Láìwọ bàtà ló jáde, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un wọlé. Mo mú sálúbàtà kan lọ fún un, èyí tí wọ́n gé lára táyà mọ́tò, ọ̀kan sì gùn ju èkejì lọ díẹ̀. Mo sọ fún un pé mo yàn án bẹ́ẹ̀ kí ọlọ́pàá lè máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ látòkèèrè. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ síwájú, ó rìn padà, ó ní ó bá òun mu.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá a wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Kasimíìrì, Àgùdà tó ń kan àga àti pósí lẹ́bàá ilé mi. Kasimíìrì kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí ìsìn rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni èmi sì máa ń lọ sun ẹran níwájú ilé rẹ̀. Ó gba Mùílíù pẹ̀lú gbogbo ìyẹn. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n kì í purọ́ fún igi. Mùílíù ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí walí máa ń sọ nídìí yìgì, á máa tún un sọ bó ṣe ń fá pákó, títí Kasimíìrì onígbàgbọ́ fi há a sórí ju Mùílíù gan-an lọ. Láàárọ̀, tí a bá ti kírun tán, òun ló máa ń yára jáde ṣáájú, á yí bàtà mi padà kó kọjú sí ìta, kí n lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìyí ara po, nítorí ìbàdí mi. Mo máa ń sọ fún un pé ńṣe ló ń lé mi lọ sílé. Á ní, “Bàbá, ẹ máa lọ ni, kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ eré yín.”

Òwúrọ̀ kejìlélọ́gbọ̀n bọ́ sí Jímọ̀. A kírun Àsùbáà, a mu ẹ̀kọ wa. Lọ́sàn-án a kírun Jímọ̀, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a jáde, Alájì Mukáílà tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ń wá bàtà rẹ̀, bàtà aláwọ tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà tí kì í jẹ́ ká gbàgbé ibi tó lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ènìyàn dúró láti bá a wá a. Mùílíù ti bọ́ síwájú mi, ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára bàtà mi láti yí i padà. Ẹnu mi sì là. Mo ní, “Mùílíù, gbé bàtà Alájì fún wọn o. Ó ku òwúrọ̀ mẹ́jọ péré, o ò lè mú sùúrù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùílíù pàápàá rẹ́rìn-ín, mo rí eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, ó dá, gbogbo ojú sì wà lára ọwọ́ rẹ̀ tó wà lára bàtà. Alájì Mukáílà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Ṣé òun ló gbé e ni?” Ó ń béèrè ni, kò ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé eré ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà kò tètè jáde. Ẹnu tó ti ń sọ̀rọ̀ fún àádọ́rin ọdún láìsinmi. Mùílíù fi bàtà mi sílẹ̀, ó nàró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó la àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì yí wọn padà kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gáàdì nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọ inú ọgbà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹni gbogbo fi rí i tán. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ. Kò sáré, kò sì wọ bàtà.

Kó tó yà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti rí bàtà Alájì. Ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló bọ́ ọ sí, ó sì gbàgbé. Mo pe Mùílíù, mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò wẹ̀yìn. Mo wà níbẹ̀, bàtà mi níwájú mi, ó yí i dé ìdajì, ọ̀kan kọjú sí ìta, èkejì kọjú sí mọ́ṣáláṣí.

Láàárọ̀ Sátidé mo dúró ní ìlà iwájú, mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O mọ̀ pé a kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìlà ìrun. Lèmọ́mù wẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ sún mọ́ ara yín.” Mi ò sún. Ó tún un sọ, kò pariwo. Alájì Mukáílà ló wá dí i níkẹyìn, èjìká rẹ̀ kan tèmi, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn fún òun náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo lọ dúró ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí òórùn bàtà ti ń fẹ́ wọlé. Ibẹ̀ ni mo wà di òní. Sálúbàtà Mùílíù ṣì wà níta níbi tó bọ́ wọn sí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ládàání ló ń gbá ẹnu ọ̀nà, á gbá a yí wọn ká.

Lèmọ́mù kò bá mi wí. Ì bá dára ká ní ó bá mi wí. Ó kàn ní, “Bàbá Yísà, ẹ lọ wá a.” Mo wá a ní Jọnkẹ́, mo wá a dé Kajehun, mo dé ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ̀fù létí òkun láàárín àwọn tó ń kó ẹrù ọkọ̀. Kasimíìrì kò rí i. Nígbà tó tó ọjọ́ mẹ́fà, ẹnì kan ní òun rí ọkùnrin olórí fífá kan láàárín àwọn apẹja ní Sèmè. Mo gun ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí ẹnubodè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba inú oko àgbọn dé etí òkun. Ìyá kan tó ń yan ẹja ló dá mi lóhùn. Ó ní ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Kétu ti ń bá wọn fa àwọ̀n láti ọjọ́ mélòó kan, òun nìkan ló ń kírun lórí yanrìn, ó sì sọ fún òun pé bàbá kan wà ní Kútọnu tó máa ń bá òun ṣeré. Ó ní bí wọ́n ṣe wí pé arúgbó onífìlà kan ń ti ọ̀nà bọ̀, ó gba etí omi lọ. Ìyá náà bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó máa ń rẹ́rìn-ín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ojú mi, ó ní òun ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ó fún mi ní ẹja kan. Mo jẹ ẹ́ tán, orí àti ìrù, mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ọjọ́ náà. Mo rò pé n ó sunkún, mi ò sunkún. Mò ń rán fìlà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun abẹ́rẹ́ gún mi wọnú ìka, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ti ẹlòmíràn. Kasimíìrì wá jókòó tì mí, ó ní òun wá kí n lè rí ẹni fi ṣẹ̀sín. Ó tiẹ̀ gbé ẹran wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí n sun ún. Mo sun ún. Mi ò fi í ṣẹ̀sín. Ó dìde nígbà tó yá, ó lọ sílé.

Sátidé tó kọjá ni ogójì ì bá pé. Mo mú gègé, mo mú tákàdá. Mo mọ̀ pé lèmọ́mù kò ní í tẹ ìka sí irọ́, ṣùgbọ́n ìka tèmi náà lè tẹ ojú sí ìwé, ta ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò ní Kétu. Mo ti kọ ọ́ pé ó pé, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Mo wá rántí pé àpò aṣọ méjì ni ọmọ yìí jí, ó sì fi ọdún méjì san án. Mi ò fẹ́ jí òwúrọ̀ mẹ́jọ fún un. Mo fi ìwé náà dáná ẹ̀kọ.

Ohun tí mo lè kọ nìyí, Bàbá Adéògún, mo sì fọwọ́ sí i. Mùílíù ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kí òwúrọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n ní ìlà iwájú, kò pẹ́ dé lọ́jọ́ kan. Kò mú bàtà ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò parí ogójì nínú àwa méjèèjì, èmi ni. Èjìká ló sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ ọjọ́sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa sọ pé kó má tẹ ẹnu ọ̀nà agbo ilé yín mọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, n ó gbà.

Mi ò ní kí ẹ gba ohun tó dín sí ogójì. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún. Lọ́jọ́ yìgì, ẹ jókòó gẹ́gẹ́ bí walí tí kò bá sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ fi ààyè ènìyàn kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí ẹní títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Ìlà ìrun kọ́ nìyẹn, ẹ lè fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀. Nimọta, ìwọ ni kí o bá mi wo Rasidat lójú kí o sọ fún un pé bàbá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà lórí pátá, láìsí àṣìṣe kan. Kasimíìrì lè jẹ́rìí sí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé ọkọ Rasidat gbà á bí ẹni tí wọ́n ti ń retí tipẹ́. Kí ó jẹ́ kí orúnkún rẹ gbé ọ jó lọ́jọ́ náà. Kí ó fún Bàbá Adéògún ní ẹ̀mí gígùn àti etí tó ń gbọ́ràn. Kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo ẹni tó wà lórí yanrìn níbikíbi tó bá wà, kí òtútù má mú un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, ọkọ tí o kọ̀,
Yísà Adélékan, aránfìlà.

Mo tún un kọ sí ìsàlẹ̀: Mo ti dí lẹ́tà yìí, mo ti fẹ́ gbé e fún Safurat oníyọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo tún tú u. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ní ráká àkọ́kọ́, bí a ṣe forí kanlẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan nínú yanrìn lẹ́yìn mi níta. Ẹsẹ̀ lásán ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ oníbàtà. Ráká kan ṣì kù, a kì í sì í wẹ̀yìn lórí ìrun. Mi ò wẹ̀yìn. Mi ò tíì kí ìrun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí lèmọ́mù sálámà tán, mo jáde. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Sálúbàtà Mùílíù ṣì wà níbi tó wà. Bàtà tèmi, tí mo bọ́ kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ti kọjú sí ìta, méjèèjì dọ́gba. Lẹ́yìn ògiri, nínú yanrìn, mo rí ojú orúnkún méjì, ojú àtẹ́lẹwọ́ méjì, àti ibì kan róbótó láàárín wọn níwájú, níbi tí iwájú orí ti kan ilẹ̀.

Mo pe lèmọ́mù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè wò mí bóyá n ó sọ nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ní, “Ó ń gbọ́ ohùn mi láti ibí. Ìlà wa dé ìta lónìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá Yísà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.” Tí ó bá ń wá bẹ́ẹ̀, yóò pé ogójì ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, yìgì yóò sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé lèmọ́mù lè bá a dé Kétu, òun náà sì lè bá ìwé dé. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, yanrìn ti wọ inú rẹ̀, ó tutù. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù. Safurat ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin kò ní í dúró de arúgbó, nítorí náà mo dáwọ́ dúró. Lọ́la, n kò ní í wọ inú mọ́ṣáláṣí. Ìta ni n ó dúró sí, lórí yanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iwájú orí rẹ̀ kàn, n ó sì pa ẹnu mi mọ́. Ó ku òwúrọ̀ méje.